CBA/J tí a gún lábẹ́rẹ́, àbí NOD.H-2h4 tí ń mu áyódíìnì?

Bí a bá fẹ́ wádìí bí ara ṣe ń bá thyroid tirẹ̀ (ẹ̀yà ara ọrùn tó ń ṣe hòmóònù) jà, irú eku méjì yìí ni a sábà máa ń mú lò.

CBA/J nílò abẹ́rẹ́. A ó po thyroglobulin eku (purotéènì inú thyroid), bíi 100 µg fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mọ́ CFA (òróró tí òkú kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀, tó ń ru ìdáàbòbò ara sókè), a ó gún un, a ó sì tún un gún lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 14. Ní nǹkan bí ọjọ́ 28, a lè yẹ thyroid wò. Pípò yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Kán ẹ̀kán kan sójú omi tútù: bó bá tàn ká, kò tíì pò dáadáa, àrùn náà ò sì ní mú wọn bó ṣe yẹ. CFA tún máa ń dá egbò sójú abẹ́rẹ́. Má fi C57BL/6, irú eku mìíràn, rọ́pò o. Àbùdá H-2 tirẹ̀, tó ń darí ìdáàbòbò ara, kì í gba àrùn náà bọ̀rọ̀.

Ti NOD.H-2h4 rọrùn: NaI (iyọ̀ áyódíìnì) 0.05% nínú omi mímu, ìyẹn gíráàmù 0.5 nínú lítà 1, fún ọ̀sẹ̀ 8. Èyí jọ ti ènìyàn jù lójú wa, torí kò sí CFA níbẹ̀. Àmọ́ hòmóònù thyroid wọn kì í sábà wálẹ̀, nítorí náà kò wúlò fún ẹni tó ń wádìí àìtó hòmóònù. Àwọn kan lára wọn a sì máa kó àrùn náà fúnra wọn bí wọ́n bá ń dàgbà, láìmu áyódíìnì rárá. Nítorí náà, ẹgbẹ́ olómi lásán tí ọjọ́ orí wọn bára mu, tí a ó fi wé wọn, kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí.