Ìrìn Pópó Àgùdà l'Ékòó: ó yẹ ní lílọ, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá sọ ọ́

Ìyá bàbá mi kì í jẹ́ kí Ọjọ́ Ẹtì Rere kọjá láìse fẹ̀jọ̀nù. Wọn á se ẹ̀wà náà títí á fi rọ̀ gbindinngbindin, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á da omi àgbọn sí i, a ó wá fi ẹja díndín àti gàrí jẹ ẹ́. Bí a bá béèrè pé kí ló dé tí àwọn aládùúgbò wa ní Ìkòròdú kì í se é, ìdáhùn kan náà ni: "Ọmọ Àgùdà ni wá." Wọn kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi san ₦16,000 fún èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kí ọkùnrin kan tó ń mú èèyàn rìn ní Erékùṣù Èkó lè mú wa yí Pópó Àgùdà ká. Wákàtí mẹ́ta ni. N kò kábàámọ̀ owó náà.

Ìta Tinúbú la ti bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ó sọ ti Ẹfúnróyè Tinúbú fún wa, bí wọ́n ṣe lé e kúrò l'Ékòó ní 1856 tó sì gba Abẹ́òkúta lọ, níbi tó ti di Ìyálóde Ẹ̀gbá. Nígbà tí a gba òmìnira, ìjọba sọ ibẹ̀ di Independence Square. Ẹ lọ bi kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ léèrè ibẹ̀ lónìí, ẹ wò ó bóyá ó mọ̀ ọ́n. Tinúbú ṣì ni.

Níbẹ̀ náà ló ti ṣe ohun tó wú mi lórí jù. Ó yọ fọ́tò ńlá kan jáde nínú báàgì, ó gbé e sókè síwájú ibi tí ilé kò sí mọ́. Ilé ìdílé Fernandez ni, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ilojo Bar. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 2016. Ọmọ mi ń wo fọ́tò, ó ń wo ilẹ̀, ó tún ń wo fọ́tò. Ọkùnrin náà kò kán wa lójú, ó jẹ́ kí a dúró síbẹ̀ dáadáa.

Nígbà náà ló ṣàlàyé orúkọ àdúgbò. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, tí wọ́n padà wálé, ni wọ́n ń pè ní Àgùdà. Ọ̀pọ̀ dé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, àwọn mìíràn sì ń bọ̀ títí kọjá 1888 tí Brazil fòpin sí ẹrú. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, wà ní Olówógbówó, àwọn onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn òyìnbó wà létí omi ní Màrínà, àwọn Àgùdà sì ní pópó tiwọn. Àwọn ló jẹ́ kí ẹnu wa máa pe ìjọ Kátólíìkì ní Ìjọ Àgùdà. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń pe ìjọ náà bẹ́ẹ̀, n kò ronú kàn án rí.

Ní Kakawa a rí Water House, ilé João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní kékeré. Kànga ilé náà ni àwọn èèyàn ti ń ra omi kí omi ẹ̀rọ tó dé. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ni wọ́n sáré mú wa kọjá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ó sì dùn mí. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ, 1894 ni wọ́n ṣí i, oyè tí Sọ́tánì ilẹ̀ Tọ́kì fi ránṣẹ́ sí Mohammed Shitta ni "Bey" tó wà lára orúkọ yẹn. Ó yẹ kí a jókòó síbẹ̀.

Àléébù tó tóbi jù ni èdè. Àwa méjìlá la rìn, mẹ́wàá nínú wa gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé òpópónà Tòkunbọ̀, ó túmọ̀ orúkọ náà bí ẹni ń sọ nípa ọjà tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun. Ìyá alákàrà kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ọmọ mi, má pè é lọ́jà o. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí wọ́n gbé padà wálé, ni Tòkunbọ̀. Èèyàn ni."

Ọkùnrin náà tẹríba, ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá, mo gbọ́." Mo fún un ní máàkì fún ìyẹn. Ó tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, Ìyá sì sọ ti karẹ́ta, eégún àwọn Àgùdà, fún wa, bí bàbá wọn ṣe máa ń gbé e wọ̀ ní Kérésìmesì, bí wọ́n ṣe máa ń sá fún un bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ bàtà tó wọ̀. Yorùbá ni, gbogbo wa sì sún mọ́ wọn. Àwọn méjì tí kò gbọ́, ọmọ mi ló ń túmọ̀ fún wọn.

Campos Square la parí sí. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé Cuba ni ìdílé Campos ti wá, kì í ṣe Brazil, nítorí náà ẹni tó bá ń pe gbogbo àdúgbò yìí ní ti Brazil nìkan ti gbàgbé àwọn kan.

Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ mú omi dání, ẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé torí kò sí ibi tí ẹ ó yà sí lójú ọ̀nà. Ẹ lọ lọ́jọ́ Sunday bí ẹ bá lè ṣe é. Ariwo ọjà lọ́jọ́ Sátidé kò jẹ́ kí àwa tó wà lẹ́yìn gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá ṣètò ti Yorùbá, n óò mú àwọn àbúrò bàbá mi méjèèjì wá, kí àwọn náà wá wí tẹnu wọn. Ó kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀.