Ọdún méjì tí mo ti ń fi Krita yàwòrán géèmù l'Ọ̀yọ́

Àwa mẹ́ta péré la wà nílé-iṣẹ́ géèmù wa, nínú yàrá kan tí kò jìnnà sí ọjà Àkẹ̀sán. Bọ̀dá wa ń kọ kóòdù nínú Godot, ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, àbúrò wọn ń ṣe orin, èmi nìkan ni mò ń yàwòrán. Gbogbo ohun tí ojú ẹni tó ń gbá géèmù náà bá rí, láti orí ògiri ààfin dé orí ìrìn ìyá tó ru ìkòkò, ọwọ́ mi ló ti ń jáde. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi ni mo fi dán Krita, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, wò.

Kí n tó bọ́ sídìí rẹ̀, ètò ìyàwòrán kan ni mò ń lò tí wọ́n ń fi dọ́là gbowó rẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan ká fi géèmù wa han àwọn tó fẹ́ náwó sí i, owó kọ̀, kò jáde lórí káàdì mi. Ètò náà bá tìlẹ̀kùn mọ́ mi. Àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi yà wà lórí kọ̀ǹpútà ara mi, n kò sì lè ṣí i. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ọ̀fẹ́ ni Krita, kì í sì í ṣe nǹkan àná: láti 1999 ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń tà á lórí Steam àti Microsoft Store, àwọn ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti fi ran àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní krita.org kò gba kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín nínú fláàṣì, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àṣẹ GPL, ìwé àṣẹ ìlò tí wọ́n fi gbé Krita jáde, dẹ́rù bà yín. Ètò náà fúnra rẹ̀ ni àṣẹ yẹn dè. Àwòrán tí ẹ bá fi yà, tiyín ni, ẹ lè tà á.

Bọ́tìnnì W ló mú ọkàn mi. Nínú géèmù, a kì í ya aṣọ tó gùn tó ògiri. Ègé kékeré kan la máa ń yà, tèmi jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 512 níbùú, 512 lóròó, kóòdù á wá máa tẹ́ ẹ síra wọn. Bí etí ọ̀tún kò bá bá etí òsì mu, ojú á rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gé àwòrán sí méjì, màá sún un, màá tún un kùn, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi nídìí ẹ̀. Nínú Krita, mo tẹ W, ojú ewé kan ṣoṣo di àìlóǹkà. Ìlà tí mo bá fà jáde létí ọ̀tún á gba etí òsì wọlé lójú ẹsẹ̀. Ẹtù ni mo kọ́kọ́ yà bẹ́ẹ̀: aró tó dúdú dáadáa, pẹ̀lú ìlà tíntìntín tó ń hàn lójú rẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ tí aṣọ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù tọ bàbá kan tó ń hunṣọ ládùúgbò wa lọ. Wọ́n wò ó títí.

"Ó dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè tí kò ní ojú rírán, níbo lo ti rí i?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ ń jáde lórí òfì, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Mo padà, mo fa ojú rírán sí i lórí léyà (ìpele àwòrán) ọ̀tọ̀. Krita ní Stabilizer kan tó ń mú ìlà dúró ṣinṣin bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n. Mo pa á, kí ó lè rí bí abẹ́rẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Nígbà tí bàbá tún rí i, wọ́n fìka tọ́ ibẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Ẹtù rè é."

Àwòrán tó ń rìn náà dára nínú Krita. Àwòrán mẹ́jọ ni ìyá tó ru ìkòkò fi ń gbẹ́sẹ̀. Onion skin ń jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ tó ṣáájú àti èyí tó ń bọ̀ bí òjìji, màá sì yọ wọ́n jáde ní PNG fún bọ̀dá wa.

RAM GB 4 ni láptọ́ọ̀pù mi ní, nítorí náà bí léyà bá ti pọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ńlá á máa wọ́ tuurutu. Mo máa ń pa léyà tí mo bá ti parí pọ̀ sójú kan. Bí kálámù tí ẹ fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín títẹ̀ líle àti fífọwọ́ bà lórí Windows, ẹ wọ Settings, Configure Krita, Tablet settings, ẹ pààrọ̀ WinTab sí Windows Ink, kí ẹ sì tún Krita ṣí. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá ìyẹn kiri. Krita wà fún tábílẹ́ẹ̀tì Android pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí ti iPad.