DRO fún lathe àtijọ́: oní-gíláàsì ni àbí oní-òòfà?

Ẹni tó bá ti yí ṣáàfùtù fún bíárìn rí lórí lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gé e) á mọ ìbànújẹ́ yìí: ẹ fa cross slide (apá tó ń gbé ọ̀bẹ wọ inú irin) sẹ́yìn, ẹ dá a padà sórí nọ́ńbà tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ fi maikirómítà wọ̀n ọ́n, irin ti kéré jù. Síkúrúù tó ti jẹ ló fà á. DRO (digital readout: ọ̀pá ìwọ̀n tí a dè mọ́ ẹ̀rọ, pẹ̀lú díspìlé tó ń fi nọ́ńbà hàn) kì í wo síkúrúù. Ibi tí slide fúnra rẹ̀ dúró sí ló ń kà. Bí ẹ bá ní lathe Colchester tàbí Harrison tó ti dàgbà, n kò rí ohun tó yẹ kí ẹ náwó lé ju èyí lọ, àmọ́ kò ní tún bed (ìpìlẹ̀ gígùn ẹ̀rọ náà) tó ti jẹ ṣe.

Ọ̀pá oní-gíláàsì ni kò wọ́n púpọ̀, pàápàá èyí tó ń ti Ṣáínà wá. Inú àpótí alumíníọ̀mù gbọọrọ ló ń gbé, ètè rọ́bà sì dí ẹnu rẹ̀ kí èérún irin má bàa wọlé. Kò ṣeé gé, nítorí náà ẹ wọn ibi tí carriage (apá tó ń gbé cross slide rìn lórí bed) ń rìn dé kí ẹ tó rà á. Bí omi ìtutù bá gba abẹ́ rọ́bà wọlé, kíkà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Oní-òòfà jẹ́ téèpù pẹlẹbẹ tí a lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, tí orí kékeré kan ń rìn lókè rẹ̀ láìfara kàn án. Ó ṣeé gé. Òróró àti omi ò ṣe é ní nǹkan kan. Òòfà mìíràn ni ọ̀tá rẹ̀: bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ oní-òòfà ti dial gauge (aago ìwọ̀n) lé e lórí, ẹ lè ba ibẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Cross slide ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣí àpò yín. Bí slide bá rìn 1 mm, ìdábùú irin á fi 2 mm dínkù. Ìyẹn ni pé èyí tó ń ka 0.005 mm, 0.01 mm ló ń fò lẹ́ẹ̀kan lára ìdábùú. Ẹ wá wo ṣáàfùtù 40 mm tí bíárìn máa jókòó lé ní k6 (àmì tó ń sọ bí ṣáàfùtù ṣe gbọ́dọ̀ fún tó nínú bíárìn): láti 40.002 dé 40.018 mm péré ni wọ́n gbà wá láàyè. Ìṣísẹ̀ kan ti ju ìdajì àyè yẹn lọ! 0.001 mm ni kí ẹ rà síbẹ̀, kó sì jẹ́ oní-òòfà.

Ìdí tí mo fi ní oní-òòfà ni pé àpótí gíláàsì ti dá mi lóró rí. Ẹ̀gbẹ́ cross slide tó kọjú sí tailstock (apá tó ń di ìdí irin mú) ni mo dè é mọ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ kúkúrú kan dé, tailstock ò lè sún mọ́ ọn mọ́. Àfi kí n na quill rẹ̀ (ọ̀pá tó ń yọ jáde nínú rẹ̀) jáde títí, ó wá ń gbọ̀n, ojú irin sì rí wúruwùru. Àpótí náà tún bo àwọn síkúrúù gib (èyí tí a fi ń fún slide kó má bàa mì). Mo tú u, mo lẹ téèpù sójú kan náà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta rárá.

Fún carriage, oní-gíláàsì 0.005 mm tó. Ẹ̀yìn bed ni kí ẹ dè é sí, kí ẹ fi dial gauge tẹ̀lé e láti orí dé ìdí, kó má yà ju 0.1 mm lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ so méjèèjì mọ́ díspìlé kan, ẹ bi ẹni tó ń tà wọ́n bóyá TTL ni wọ́n àbí RS422 (irú àmì iná tí ọ̀pá fi ń bá díspìlé sọ̀rọ̀). Ẹnu plọ́ọ̀gì oníhò 9 lè jọra kí wáyà inú rẹ̀ má jọra rárá. Kó fi àwòrán wáyà náà ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó.