Ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọ inú Inorganic Chemistry

Dọ́là ni wọ́n fi ń ta jọ́nà yìí, náírà ni wọ́n sì fi ń sanwó oṣù fún mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ mú ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ilé-ìkàwé olówó gọbọi kan ni mo jókòó sí. Yàrá mi ni mo wà, nítòsí South Gate yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́, fáànù ń yí díẹ̀díẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ka Inorganic Chemistry, jọ́nà (ìwé tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí wọn sí) tí American Chemical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì Amẹ́ríkà, ń tẹ̀, mi ò sì tíì san kọ́bọ̀ fún wọn. Mi ò jí i kà o. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìdànrè ni bàbá mi ti ń dáko kòkó. Lásìkò òjò, tí èso kòkó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi, wọ́n á po sọ́féètì bàbà mọ́ láìmù nínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n ọn kọ́ ẹ̀yìn, ó di inú oko. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ di aláwọ̀ ojú ọ̀run, ọṣẹ dúdú ìyá mi kò sì rí i ṣe. Owó kòkó tí bàbà yẹn gbà sílẹ̀ ni bàbá mi fi rán mi nílé-ìwé. Bàbà náà ni mo wá lọ kọ́ ní yunifásítì, òun ni mo fi ń jẹun dòní. Nítorí náà, tí mo bá ní jọ́nà kan dáa, ojú ẹni tó mọ bàbà látinú oko ni mo fi wò ó.

1962 ni jọ́nà náà bẹ̀rẹ̀, Robert Parry ni olóòtú àkọ́kọ́. Ọdún náà gan-an ni Neil Bartlett mú gáàsì xenon, tí gbogbo olùkọ́ kẹ́mísìrì ń sọ pé kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe, tó sì mú un bá irin platinum àti gáàsì fluorine dàpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jọ́nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ ìròyìn tirẹ̀ sí. Àsìkò tó dùn láti dá jọ́nà sílẹ̀ nìyẹn.

Kí ni wọ́n ń tà lọ́jà ibẹ̀ báyìí? Ohun tó máa kọ́kọ́ kò yín lójú ni MOF: irin tí wọ́n fi èròjà oní-carbon so mọ́ ara wọn títí tó fi dà bí àwọ̀n apẹja, tí ihò inú rẹ̀ sì lè gba omi tàbí gáàsì sínú. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2025. Susumu Kitagawa, Richard Robson àti Omar Yaghi ni wọ́n fún. Ẹ sì gbọ́ o, bàbà ni Robson fi kọ́ èyí tó ṣe ní 1989. Mo pe bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́. “Bàbà tiwa yìí náà?” “Òun náà ni, Bàámi.” Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, MOF ti pọ̀ jù fún mi. Nígbà míì, màá ka àkọlé mẹ́rin léra, MOF ni gbogbo wọn: ihò yìí gba èyí, ihò tọ̀hún gba ìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn irin tó ń di oògùn. Ní 1965, Barnett Rosenberg kíyè sí i pé platinum kì í jẹ́ kí bakitéríà pín sí méjì mọ́. Ibẹ̀ ni cisplatin ti wá, oògùn jẹjẹrẹ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1978. Látìgbà náà, wọn ò yé wá àbúrò fún un: ruthenium, wúrà, bàbà náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ máa rí àwọn èròjà tó ń sọ carbon dioxide di nǹkan tó wúlò, irin europium tó ń tàn pupa, irin terbium tó ń tàn bí ewé, àti mágnẹ́ẹ̀tì tí kò ju mólékù kan ṣoṣo lọ. Uranium wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo máa ń fò ó. Tí mo bá sì rí pépà lórí irin vanadium, ọ̀dà Àgbábù ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, torí vanadium àti nickel wà nínú rẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí.

Bí wọ́n ṣe ń kọ pépà gan-an ti yí padà. Ẹ mú ti nǹkan bíi 1970 kan, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní. Nígbà náà, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló kọ ọ́: àwọ̀ rẹ̀ rèé, ibi tó ti yọ́ rèé, ìlà infrared rẹ̀ (bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí) rèé, ó parí. Lónìí, orúkọ mẹ́jọ lè tò sórí pépà kan, ti àwọn ará Ṣáínà ló sì máa ń pọ̀ jù nínú èyí tí mo ń ṣí. Kí o ní o ṣe nǹkan kò tó mọ́. Wọ́n fẹ́ rí kírísítà rẹ̀, èyí tí átọ́mù tò létòlétò nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n fẹ́ rí ìṣirò kọ̀ǹpútà tó sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, wọ́n tún fẹ́ gbọ́ ohun tó wúlò fún. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kì í yé mi. Nǹkan míì, ó kàn lẹ́wà ni.

Gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyẹn kò lè gba ojú pépà, ni wọ́n bá ń kó wọn sínú fáìlì àfikún tí wọ́n ń pè ní Supporting Information. Ẹ wá wò ó dáadáa: ọ̀fẹ́ ni. Iwájú ilé ni wọ́n ti ń gbowó ìwọlé, ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ̀yìnkùlé ọ̀hún sì ni ìkòkò ọbẹ̀ wà. Gírámù mélòó ni wọ́n wọ̀n, wákàtí mélòó ló lò lórí iná, àwòrán NMR (ìlà tí ẹ̀rọ yà láti fi ohun tó wà nínú èròjà hàn) tí ìdọ̀tí hàn gedegbe nínú rẹ̀. Àwọn ohun tí iwájú kì í fẹ́ kí àlejò rí.

Mo gbé ọ̀kan lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní South Gate. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ wò mí. “Àǹtí, ojú ewé mọ́kànlélọ́gọ́fà lèyí o. Ṣé gbogbo ẹ̀ ni?” Mo ní kó tẹ mẹ́rin àkọ́kọ́ àti méjì kan láàárín. “Kí wá ni ìyókù ń ṣe níbẹ̀?” Nọ́ńbà ni. Ibi tí átọ́mù kọ̀ọ̀kan jókòó sí, bí kọ̀ǹpútà ṣe ṣírò rẹ̀, ojú ewé lé ojú ewé. Mi ò tíì rí ẹni tó kà á tán.

Fáìlì kírísítà náà ọ̀fẹ́ ni. Cambridge nílùú Ọba ni wọ́n ń kó wọn pamọ́ sí, CCDC lorúkọ ilé náà, ní 2019 ni iye tó wà lọ́wọ́ wọn pé mílíọ̀nù kan. Sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Mercury ni wọ́n fi ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí kì í gbowó sì wà nínú rẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi lọ sí Ìdànrè lọ́jọ́ kan, mo fi sọ́féètì bàbà han bàbá mi. Átọ́mù bàbà kan wà láàárín. Mólékù omi mẹ́rin sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, bíi 2 ångström (ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn àárín átọ́mù). Sọ́féètì kan wà lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, wọ́n jìnnà díẹ̀, bíi 2.4. Bẹ́ẹ̀, omi márùn-ún ló wà nínú orúkọ rẹ̀ ní kẹ́mísìrì. Bàbá mi fi ìka kà á, wọ́n tún un kà. “Omi karùn-ún dà?” Mo tọ́ka sí i: ó dá dúró lápá kan, kò kan bàbà rárá, ara sọ́féètì àti àwọn omi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dì mọ́. “Àlejò nìyẹn,” ni wọ́n wí.

Tèmi náà ńkọ́? Mo ti fi pépà ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì rí. Mi ò ní dárúkọ wọn, Inorganic Chemistry kò sì sí nínú wọn. Àkọ́kọ́ gba pépà mi lọ́jọ́ kẹrin, ó gba owó mi lọ́jọ́ karùn-ún. Lónìí, ojú òpó wọn gan-an ti kú. Èkejì kà á lóòótọ́, ìbéèrè wọn ò sì ju ẹyọ kan lọ: kírísítà dà? Mo ní kírísítà, búlúù tó ń dán bí ojú ológbò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ni kò sí ní láàbù tí mo wà. Mo rọra kó wọn sínú ìgò kékeré, ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi bá mi gbé e lọ sí South Africa. Ìdérí tú lọ́nà, omi inú rẹ̀ gbẹ, ohun tó dé ọ̀hún dà bí èlùbọ́. Bí àwọn kírísítà kan ṣe rí nìyẹn, tí omi tí wọ́n hù nínú rẹ̀ bá ti fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á wó.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún Inorganic Chemistry. Ìkan tí mo mú kúrò, owó ẹnu ọ̀nà ló fà á, àti MOF. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ ṣí pépà, ẹ má dá ibi tí wọ́n kọ owó sí lóhùn, ẹ sọ̀kalẹ̀ tààrà sí Supporting Information. Tẹ́ ẹ bá sì máa tẹ̀ ẹ́ ní South Gate, ẹ wo iye ojú ewé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin yẹn.