Grave of the Fireflies: fíìmù tí kò bẹ̀ mí kí n tó sunkún

Ọ̀pọ̀ fíìmù ló máa ń fi ipá gba omi lójú ẹni. Orin arò á ti máa dún lábẹ́lẹ̀, òṣèré á káwọ́ lérí, á máa yí nílẹ̀, àwa náà á sì bá a sun ún. Mi ò bú àwọn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀, mo ti sunkún sí tiwọn náà rí. Àmọ́ èyí tó mú ojú mi pọ́n dòwúrọ̀ ọjọ́ kejì ò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Kàtúùnù ni, iṣẹ́ Studio Ghibli ti Japan. Isao Takahata ló darí rẹ̀ lọ́dún 1988, ó sì ti wà lórí Netflix láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ibẹ̀ ni mo ti wò ó.

Ìtàn náà ò lọ́jú pọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Seita, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Setsuko, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù oníná sí ìlú Kobe lọ́dún 1945, ilé wọn jóná, ìyá wọn kú, bàbá wọn sì wà lójú òkun níbi tó ti ń jagun. Wọ́n lọ forí pamọ́ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí wọn kan. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kòbákùngbé obìnrin náà pọ̀ jù, wọ́n kó lọ sínú ihò kan létí adágún omi, èyí tí wọ́n gbẹ́ fún sísá fún bọ́ǹbù. Ebi ló pa wọ́n. Mi ò ba fíìmù jẹ́ fún yín o, torí ọ̀rọ̀ tí Seita fi bẹ̀rẹ̀ ni pé alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945 ni òun kú. Ibùdókọ̀ ojú irin Sannomiya ló kú sí, ó fẹ̀yìn ti òpó, àwọn èrò ń kọjá lára rẹ̀.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Agolo súìtì kan wà lára Seita nígbà tó kú. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀ jù ú sínú koríko, eegun kéékèèké sì dà jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá mú wa padà sí ìgbà tí súìtì ṣì wà nínú agolo yẹn. Nígbà tí súìtì tán, Seita bu omi sí i, ó mì í, Setsuko mu omi dídùn náà, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń dárúkọ èso tó ń gbọ́ adùn rẹ̀ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sunkún níbẹ̀. Èmi tí mo ti mọ ohun tó máa padà wọnú agolo yẹn ni omi ń bọ́ lójú mi.

Ìran kan tún wà ní pápá iléèwé. Seita ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìyá wọn tí wọ́n fi báńdéèjì wé látorí dé ara, kò sì lè sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀. Setsuko lóṣòó, ó ń sunkún pé òun fẹ́ rí Màámi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò mohun tó lè ṣe, ló bá dì mọ́ irin táwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣeré ìdárayá, ó ń yí po lórí rẹ̀, pé kó wo òun. Ọmọ náà ò gbójú sókè. Òkèèrè ni wọ́n ti yà wọ́n, wọn ò fi omijé kankan hàn wá ní tòsí. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Setsuko ń gbẹ́ ilẹ̀ láti sin àwọn tanátaná tí wọ́n kó wọnú ihò wọn, tó kú mọ́jú, ó sọ fún Seita pé òun ti mọ̀ pé Màámi kú, mọ̀lẹ́bí wọn ti sọ fún òun. Ìgbà yẹn ni ẹkún tí Seita ti ń gbé mì wá bú jáde.

Àǹtí mi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì la jọ wò ó. Bí wọ́n ṣe rí ẹ̀yìn Setsuko tó sú, wọ́n ní, “Ọmọ yìí ti ń lọ.” Dókítà inú fíìmù ò tíì dé nígbà yẹn. Nígbà tó dé, ó ní kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ tó dáa. Seita pariwo pé níbo ni kí òun ti rí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ ọjà yẹn kún fún àgbà: mọ̀lẹ́bí, àgbẹ̀, dókítà, òṣìṣẹ́ báǹkì. Ìrẹsì tiwọn ni kálukú ń wọ̀n.

Àwọn kan ń bínú sí Seita pé ó lówó ìyá rẹ̀ ní báǹkì, kí ló dé tí kò padà lọ bẹ mọ̀lẹ́bí wọn? Inú bí èmi náà. Ṣùgbọ́n Akiyuki Nosaka tó kọ ìtàn náà lọ́dún 1967, ebi ló pa àbúrò tirẹ̀ náà nígbà ogun yẹn, òun sì yè é. Takahata pàápàá sá fún bọ́ǹbù ní Okayama lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi wẹ Seita mọ́. Agídí ọmọdé tó fẹ́ ṣe bàbá fún àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ìfẹ́ náà sì wà níbẹ̀, a ò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Òun ló ń dunni jù.

Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Mo yọ ọ̀kan nítorí ìgbà tí Setsuko kú tán, tí wọ́n ń fi ibi tó ti ń dá ṣeré létí omi hàn wá, tí Amelita Galli-Curci, olórin obìnrin ayé àtijọ́ kan, ń kọ “Home, Sweet Home”. Ó dára, àmọ́ ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí i pé wọ́n ń fi orin tì wá.

Ẹ fi èdè Japan wò ó, kẹ́ ẹ máa ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Ayano Shiraishi tó sọ ọ̀rọ̀ Setsuko, ohùn rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó yàwòrán bá a. Ẹ má sì tìtorí pé kàtúùnù ni kẹ́ ẹ gbé e síwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Lọ́dún 1988, òun àti My Neighbor Totoro, kàtúùnù Ghibli míì tó bá ọmọdé mu, ni wọ́n jọ gbé jáde pọ̀ nílé sinimá. Totoro ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, kẹ́ ẹ dúró kí wọ́n tó nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá kẹ́ ẹ tó jọ wo èyí.