Ife àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n ń tà n'Íbàdàn: ẹ ka lẹ́tà ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba awakọ̀, ilé ìwé tó fura sí akẹ́kọ̀ọ́, òbí tó rí i pé ojú ọmọ òun ń pọ́n ṣáá: ife àyẹ̀wò ìtọ̀, tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń lo oògùn olóró, ni gbogbo wọn ń wá kiri n'Íbàdàn báyìí. Ife oníke ni, ó ní ìdérí, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn olóògùn ń pè ní sítírípù sì wà lára rẹ̀ nínú, oògùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé èyí tó wọ́pọ̀ jù, olóríṣi márùn-ún, ará ibòmíràn ló rán an níṣẹ́.

Ẹ ka lẹ́tà ara rẹ̀. COC ni kokéènì, THC ni igbó, AMP ni amphetamine tó ń lé oorun lọ, OPI ni mọ́fíìnì àti kódíìnì, PCP, oògùn kan tó ń da orí rú, ni ìkarùn-ún. Ìjọba Amẹ́ríkà ló to márùn-ún yìí jọ ní 1988 fún àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kó o wá fún wa. Ta ló ń mu PCP ní Bẹẹrẹ? Tramadol tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ò sí níbẹ̀, OPI ò sì lè rí i. Ara ewéko ni mọ́fíìnì àti kódíìnì ti wá. Inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti pò tramadol, kò sì jọ àwọn méjèèjì tó kí bébà náà dá a mọ̀. NAFDAC ò fọwọ́ sí hóró tramadol tó ju mílígíráàmù 100 lọ, àmọ́ ẹni tó gbé 225 mì láàárọ̀ lè tọ̀ sínú ife yìí lọ́sàn-án, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ni ìlànà ọ̀hún pàápàá, pẹ̀lú gbogbo òkú tí fentanyl, oògùn ìrora tó le ju mọ́fíìnì lọ, sùn fún wọn, oṣù keje 2025 ni wọ́n tó fi fentanyl kún un.

Olóríṣi méjìlá wọ́n jù ú lọ, lẹ́tà oògùn mìíràn bíi BAR, TCA àti MTD sì kún ara rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní TRA, èyí tó ń wá tramadol. Ẹ fi ife sílẹ̀. Sítírípù ẹlẹ́yọ ni kí ẹ rà: TRA, MOP 300 (mọ́fíìnì àti kódíìnì), THC àti BZO (oògùn amúnisùn bíi diazepam). Ìgò mímọ́ tó gbẹ ti tó gba ìtọ̀. Ẹ má fi MOP 300 ṣe pààrọ̀ OPI 2000 o. Iye nánógíráàmù oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú mìlílítà ìtọ̀ kan kí bébà tó rí i ni nọ́ńbà yẹn, bó bá ṣe kéré tó ni ojú bébà ṣe ń mú tó. OPI 2000 á fo ẹni tó mu ìwọ̀nba sírọ́ọ̀pù oníkódíìnì dá. Láti oṣù karùn-ún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n má ṣe é, kí wọ́n má kó o wọlé mọ́, ṣùgbọ́n onífàyàwọ́ ò lọ sípàdé yẹn.

Ohun kan ṣoṣo tí ife fi ju ẹlẹ́yọ lọ ni bébà ìwọ̀n ooru tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìtọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ wà láàárín 32 sí 38 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ẹ sì wò ó kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó pé. Omi píọ́ wọ́tà tí wọ́n dà lé e kì í dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tó bá ra ẹlẹ́yọ, ẹ ra bébà ooru mọ́ ọn.

Ẹ má ya ọ̀rá sítírípù títí ìtọ̀ á fi wà nílẹ̀, torí ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Ẹ ti orí rẹ̀ bọ inú ìtọ̀ lóòró, kí ìtọ̀ má kọjá ilà tó wà lábẹ́ ọfà, fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá ti lé ní mẹ́wàá, ohun tó bá sọ, ẹ má gbà á gbọ́.

Kíkà rẹ̀ ló ń kó bá èèyàn jù. Ilà méjì lára ti oyún túmọ̀ sí pé oyún wà, ti ibà náà bẹ́ẹ̀. Ti èyí, òdìkejì ni: ilà méjì, C (tó ń fi hàn pé sítírípù ṣiṣẹ́) àti T (ti oògùn), kò rí nǹkan; C nìkan, ó rí i. Ìdí ni pé bí oògùn bá wà nínú ìtọ̀, òun ni yóò gba ohun aláwọ̀ tó yẹ kó lọ lẹ̀ mọ́ ibi T, ibẹ̀ á wá ṣófo. Nítorí náà, bí T bá hàn, kódà kó rí bí òjìji, kò rí nǹkan náà ni. Bí C ò bá jáde, ẹ sọ ọ́ nù. Ìyẹn kì í ṣọ̀wọ́n níhìn-ín: ìwọ̀n ooru 2 sí 30 ni wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù ní oṣù kẹta sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọwọ́ ẹni tó ní yàrá tútù ni kí ẹ ti rà á.

Bó bá wá rí nǹkan ńkọ́? Ẹ má tíì lé ẹnikẹ́ni kúrò níṣẹ́. Ofloxacin àti levofloxacin, tí ìdajì ìlú ń lò sí táífọ́ìdì, lè mú kí MOP sọ pé òun rí mọ́fíìnì. Ẹ ti pín ìtọ̀ sí méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìgò kejì wà nínú fíríísà fún àyẹ̀wò GC-MS tàbí LC-MS, ẹ̀rọ tó ń dá oògùn kọ̀ọ̀kan mọ̀ dájú, ní lẹ́ẹ̀bù. Ẹ bi ẹni tó ni ìtọ̀ léèrè ọjọ́ tó lo oògùn náà: tramadol kì í sábà kọjá ọjọ́ mẹ́ta nínú ìtọ̀, igbó lè lo oṣù kan lára ẹni tí kò fi í sílẹ̀.

Èyí tó ń bani lẹ́rù báyìí ni tapentadol, oògùn ìrora tó jọ tramadol. Nígbà tí Íńdíà fi òfin líle de tramadol ní oṣù kẹrin 2018, àwọn oníṣòwò sáré pò tapentadol mọ́ carisoprodol, oògùn tó ń dẹ iṣan, wọ́n ń kó o wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Oṣù kejì 2025 ni Íńdíà tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ padà. TRA ò ṣe é fún tapentadol. Sítírípù tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, TAP ni wọ́n ń kọ sí i lára. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé TRA ti kó o mọ́ra, ẹ dá owó yín padà sápò.