Jáàkì fún alùpùpù tí abẹ́ rẹ̀ rẹlẹ̀: ohun tí ojú mi rí ní ọdún méjì

Alùpùpù tí mo ń gùn jẹ́ irú èyí tí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́lẹ̀, tí ó gùn gbọọrọ, tí ó sì wúwo. Ó tó nǹkan bí 290 kílò nígbà tí epo bá kún táńkì rẹ̀. Kò ní sítáńdì àárín, ti ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ó ní. Nítorí náà, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fọ ṣéènì tàbí kí n tú táyà ẹ̀yìn, mo gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò gbé e kúrò nílẹ̀. Jáàkì méjì ni mo ti rà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní kò wúlò fún mi. Èkejì ni mo ń lò láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni jáàkì elépo (epo inú rẹ̀ ni ó ń ti apá rẹ̀ sókè) tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí ó ní apá méjì gbọọrọ àti táyà kéékèèké tí a fi ń tì í kiri. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó lè gbé 680 kílò, nọ́ńbà yẹn sì wọ̀ mí lójú débi pé n kò fi ara balẹ̀ ka èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo jáàkì alùpùpù tí mo yẹ̀ wò, kò sí èyí tí agbára rẹ̀ kò ju ìwọ̀n alùpùpù mi lọ dáadáa. Ohun tí ó yẹ kí n wò ni bí ó ṣe ga tó nígbà tí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Páálí sọ pé sẹ̀ǹtímítà 11 ni, àlàfo láti ilẹ̀ dé abẹ́ alùpùpù mi sì jẹ́ 11.5, mo wá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí mo tì í wọlé, orí rẹ̀ kọ́ irin abẹ́ alùpùpù, kò sì lọ mọ́. Mo mú rúlà, mo wọ̀n ọ́n: irin lásán ni wọ́n wọ̀n, wọn kò ka rọ́bà tí ó wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn, rọ́bà náà sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1.2.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bá mi di alùpùpù náà mú kí ó dúró ṣánṣán ni mo wọn abẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí sítáńdì ẹ̀gbẹ́ ni yóò wà nígbà tí mo bá fẹ́ ti jáàkì wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti fì sí òsì, irin òsì á túbọ̀ sún mọ́lẹ̀. Tèmi já wá sí 9.8. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra jáàkì, kí ó gbé alùpùpù rẹ̀ sórí sítáńdì níbi tí yóò ti máa ṣiṣẹ́ gan-an, kí ó wá wọn ibi tí ó rẹlẹ̀ jù láàárín táyà méjèèjì.

Kí n tó gbà pé mo ti ṣi owó ná, mo gbìyànjú ọgbọ́n pákó. Mo tẹ́ pákó tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 sábẹ́ táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti fi òmíràn sábẹ́ sítáńdì. Alùpùpù náà fì débi pé itan ni mo fi gbà á dúró títí ará ilé mi fi sáré jáde. Ọgbọ́n náà dára, ó kàn jẹ́ pé pákó mẹ́ta ni ó ń gbà.

Jáàkì kejì ni èyí tí irin rẹ̀ ń ká, tí ó sì ń ṣí bí àlùmọ́gàjí. Nígbà tí ó bá wà nílẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 9 ni, pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Mo fi rúlà tèmi wọ̀n ọ́n kí n tó sanwó. Irin oníyìípo kan ni ó gba àárín rẹ̀ kọjá, tí a ń fi sípánà yí. Yíyí bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́ le gan-an, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà gbalaja sílẹ̀, agbára tí èèyàn ń lò sì ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ju òkè lọ. Bí ó bá ti dìde díẹ̀, ọwọ́ kan tó. Sípánà kúkurú tí wọ́n fi tà á kò dára rárá, ó ń bó ọwọ́. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ra èyí tí ọwọ́ rẹ̀ gùn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé òkè tààrà ni ó ń lọ. Ti elépo máa ń yí bírípó díẹ̀ bí apá rẹ̀ ṣe ń gòkè, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ lè yí lórí táyà rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì rí gbágungbàgun, alùpùpù lè ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, irin oníyìípo kì í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti fi alùpùpù sílẹ̀ lórí rẹ̀ mọ́jú, mo sì bá a níbi tí mo fi í sí. Jáàkì elépo tí rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó lè máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyí tí n kò fi ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra èyí tí kò ní irin ìdènà.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ìdí rẹ̀ kò fẹ̀, nítorí náà kọnkéré tí ó tẹ́jú ni ó ń fẹ́, mo sì máa ń fi bẹ́líìtì méjì so ọwọ́ alùpùpù mọ́ òkè ní ọ̀tún àti òsì. Ẹni méjì ni a ń jẹ́ nígbà tí a bá ń gbé e dìde láti orí sítáńdì. Lábẹ́ alùpùpù tèmi, sàlẹ́ńsà gba apá ọ̀tún kọjá, ó sì yọ sísàlẹ̀ ju irin lọ. Mo gé ìgékù igi méjì tí mo fi ń dí àlàfo náà, kí ẹrù má baà dé orí sàlẹ́ńsà tàbí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

Bí mo bá fẹ́ yọ táyà ẹ̀yìn, mo máa ń ti jáàkì síwájú díẹ̀, nítorí pé bí táyà náà bá ti kúrò, iwájú á wúwo jù, alùpùpù á sì fẹ́ dorí kodò. Mo tún ń fi rọ́bà di bíréèkì iwájú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí táyà má baà yí.

Ẹni tí abẹ́ alùpùpù tirẹ̀ bá ga ju sẹ̀ǹtímítà 13 lọ lórí sítáńdì, tí ó sì máa ń dá ṣiṣẹ́, jáàkì elépo tí ó ní irin ìdènà ni kí ó rà, yóò yára fún un. Jáàkì oní-tábìlì, tí a ń ti alùpùpù gun orí rẹ̀, kò ní wàhálà abẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè, jáàkì kékeré á sì tún wà lórí rẹ̀ bí a bá fẹ́ tú táyà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, rọ́bà tèmi ti ya ní igun kan, gíríìsì ni mo sì ń fi sí irin oníyìípo rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí pé ìgbà kan tí mo fi í sílẹ̀ láìkùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ilẹ̀kùn àtijọ́.